Rédíò ní ọ̀wọ́n-gógó ti wálẹ̀, kí ló wá ń jẹ owó wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti l'Ékòó?

Awuyewuye kékeré kan ṣẹlẹ̀ níwájú ẹlẹ́wà kan l'ọ́jà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní November 2025. Màmá kan tó wá ra kóńgò méjì ní kí wọ́n yọwó fún òun o, torí rédíò sọ ọ́ láàárọ̀ pé ọ̀wọ́n-gógó ti wálẹ̀ ní Nàìjíríà, pé ó ti di 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlẹ́wà wo ojú wọn, ó ní, "Màmá, ẹ lọ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rédíò." Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ màmá ò rẹ́rìn-ín o, wọ́n ní àwọn ọlọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ ni ò ní àánú, pé ọmọ àwọn tó wà n'Íkòròdú sọ pé ọjà ti wálẹ̀ l'Ékòó.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ yìí kan náà lórí WhatsApp, oríṣiríṣi ẹ̀dà. Àwọn kan ní owó ọjà ti já sí ìdajì, àwọn kan ní wọ́n kàn jókòó s'Ábújá ni wọ́n ń kọ òǹkà tó wù wọ́n, àwọn míì ní àwọn ará Èkó ló ń jẹ̀gbádùn ẹ̀, pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí èyí tí ò ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́ díẹ̀, kò dẹ̀ sí èyí tí ò ní ibi tó ti ṣìnà, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ sọ gan-an?

Àjọ NBS, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ìṣirò fún Nàìjíríà, ló máa ń gbé òǹkà yìí jáde lóṣooṣù, ní nǹkan bí àárín oṣù, ti oṣù tó ṣáájú ló dẹ̀ máa ń jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń wọ ọjà káàkiri ìpínlẹ̀, nígboro àti lábúlé, wọ́n á béèrè iye tí ìrẹsì jẹ́, iye tí wọ́n ń gẹ irun, iye tí èèyàn fi ń wọ ọ̀kadà, réǹtì, oògùn, owó ilé ìwé, wọ́n á wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ohun tí ẹ lè pè ní agbọ̀n ọjà. Iye tí agbọ̀n yẹn jẹ́ lóṣù yìí, wọ́n á fi wé iye tó jẹ́ lóṣù kan náà léṣìí. Ohun tó fi lé, tí wọ́n bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún sọ ọ́, òhun ni rédíò ń pè ní ọ̀wọ́n-gógó.

Ní December 2024, 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní January 2025 ó já wálẹ̀ lójijì sí 24.48. Ó tún gbórí sókè díẹ̀ ní March, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni, ó di 20.12 ní August, 18.02 ní September, ó wá di 16.05 ní October. Ti oúnjẹ nìkan tiẹ̀ tún kéré sí ìyẹn, 13.12 ni wọ́n pe ti October. 16 tí màmá yẹn gbọ́ nìyẹn, wọn ò parọ́ mọ́ rédíò.

Ṣé ká wá sọ pé ọjà ti dínwó nìyẹn?

Ibí ló ti ń dàrú. Òǹkà yìí ò sọ bí owó ọjà ṣe ga tó, bó ṣe ń yára ga sí i ló ń sọ. Ẹ wo ọmọkùnrin tó ń dàgbà nínú ilé. Léṣìí ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga sí i, lọ́dún yìí ó fi bí ìka mẹ́rin péré ga sí i. Lóòótọ́ ni pé bó ṣe ń ga ti dínkù, àmọ́ ọmọ ò kúrú o, ṣòkòtò ọdún tó kọjá ò dẹ̀ lè bò ó ní kókósẹ̀ mọ́.

Ká fi owó ṣe é. Ká ní nǹkan kan wà tó jẹ́ 1,000 náírà. Ó fi 34 nínú ọgọ́rùn-ún lé lọ́dún kan, ó di 1,340. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ó fi 16 péré lé, àwọn rédíò á ní ó ti wálẹ̀ gan, àmọ́ orí 1,340 yẹn ni 16 ọ̀hún máa jókòó lé, ó di nǹkan bí 1,554. Ẹni tó ní kí wọ́n ta á fún òun ní 1,000 torí pé òǹkà ti wálẹ̀, ẹlẹ́wà á ní kó lọ bá rédíò.

Òǹkà míì wà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà lórí afẹ́fẹ́, ìyẹn èyí tó fi oṣù yìí wé oṣù tó kọjá, kì í ṣe ọdún sí ọdún. Ní October 2025 ó jẹ́ 0.93 nínú ọgọ́rùn-ún, September jẹ́ 0.72. Ìyẹn ni pé lápapọ̀, agbọ̀n ọjà ṣì ń wọ́n sí i lóṣù October, ó kàn ń rọra ni. Àmọ́ tí ẹ bá yọ oúnjẹ sọ́tọ̀, ti oúnjẹ lọ sílẹ̀ ní tòótọ́ lóṣù méjèèjì yẹn, ó fi 1.57 dínkù ní September, ó tún fi 0.37 dínkù ní October. Torí náà ọmọ màmá tó wà n'Íkòròdú ò parọ́ o, àwọn oúnjẹ kan ti rọlẹ̀ sí bó ṣe wà ní 2024. Ẹlẹ́wà náà ò parọ́, torí iye tó rọlẹ̀ dé yẹn ṣì jìnnà sí iye tí gbogbo wa mọ̀ ní 2022.

Ṣé wọ́n yí òǹkà po ni?

Ohun tó bí ẹ̀sùn yìí ni bí òǹkà ṣe fò láti 34.80 sí 24.48 láàárín oṣù kan ṣoṣo, nígbà tí kò sẹ́ni tó rí i l'ọ́jà pé nǹkan rọlẹ̀ tóyẹn. Ẹni tó bá bínú sí i, kò jẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé NBS pààrọ̀ agbọ̀n.

Agbọ̀n tí wọ́n ń lò títí di December 2024, ọdún 2009 ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ẹ rántí 2009 o, fóònù tó ń tan tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, dátà ò tíì di ohun tí ọmọ yunifásítì LAUTECH ní àdúgbò Under G ń rà kó tó ra búrẹ́dì. Wọ́n wá gbé ìpìlẹ̀ kúrò ní 2009, wọ́n fi sí 2024. Nǹkan tí wọ́n ń ka owó ẹ̀ kúrò ní 740, ó di 934. Wọ́n tún yí bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú agbọ̀n padà, ibẹ̀ gan ni ìjà wà.

Nínú agbọ̀n àtijọ́, oúnjẹ tí a ń rà wá sílé kó 51.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú tuntun, 40 ni. Nígbà tí àwọn èèyàn rí ìyẹn, wọ́n ní ẹ ò rí i, wọ́n ti gé oúnjẹ kúrò kí òǹkà lè dáa, ta ló ń ná ogójì péré nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀ lórí oúnjẹ ní Nàìjíríà. Ìwádìí NBS fúnra ẹ̀ lórí ìnáwó ilé, tí wọ́n ṣe ní 2019, sọ pé 56.65 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn ìdílé ń ná, oúnjẹ ló gbà á, torí náà ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè aṣiwèrè.

Àmọ́ ẹ wo apá kejì. Bùkátéríà, ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó sójú kan, 1.2 ni tẹ́lẹ̀, ó wá di 12.9. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, 51.8 àti 1.2 jẹ́ 53, 40 àti 12.9 jẹ́ 52.9. Òtẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú oúnjẹ tí wọ́n ní wọ́n gé, inú bùká ló wà, ìyẹn àmàlà tí òṣìṣẹ́ jẹ lọ́sàn-án, ìrẹsì tí awakọ̀ jẹ ní gáréèjì. Owó mọ́tò gòkè láti 6.5 sí 10.7. Èyí tó ń bí àwọn ará Èkó nínú jù ni ti ilé, omi, iná àti gáàsì, tí wọ́n fà wálẹ̀ láti 16.7 sí 8.4. Ẹni tó ń gbé ní Sùúrùlérè tó jẹ́ pé réǹtì nìkan ń gba ohun tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún un, tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé ilé, iná àti gáàsì lápapọ̀ ò tó mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó, á ní ilé ta lẹ ń sọ. NBS ń sọ ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè ni o. Ẹni tó ń gbé inú ilé bàbá ẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, tí kò san réǹtì rí láyé ẹ̀, ó wà nínú ìpíndọ́gba yẹn pẹ̀lú ará Sùúrùlérè.

Ohun tí NBS ń sọ ni pé gbogbo ayé ló ń pààrọ̀ agbọ̀n látìgbàdégbà, pé ọdún márùn-ún márùn-ún ló yẹ kó máa jẹ́, Nàìjíríà ló pẹ́. Ohun tí àwọn tó ń ta kò wọ́n ń sọ, kì í ṣe pé kí wọ́n má pààrọ̀ ẹ̀, pé kí ìjọba má máa gbé 34.80 ti agbọ̀n àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà agbọ̀n tuntun kí wọ́n máa pè é ní àṣeyọrí ni, torí òṣùwọ̀n méjì ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi kóńgò wọn gààrí lánàá, tó wá fi dẹ́ríkà wọ̀n ọ́n lónìí, tó ní òun ti dínwó.

Kí ló gbé owó ọjà dé ibi tó wà yìí?

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mo kàn máa tò ó ni kí ọjọ́ má bàa dàrú. May 29, 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Tinubu gbàjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí ò tó 200 náírà ní jálá kan, kí oṣù May yẹn tó parí ó ti lé ní 480 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Ní July ó ti di 617 l'Ábújá. Nígbà tó fi máa di October 2024, ilé epo NNPC kan náà l'Ékòó ń ta á ní 998.

Èkejì, June 14, 2023, bánkì àpapọ̀ CBN fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ l'ọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní bíi 471 náírà, lọ́jọ́ yẹn náà ló ré kọjá 600. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá 1,500. Lẹ́yìn náà ni iná, April 2024, àwọn tó wà ní Band A tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún bẹ̀rẹ̀ sí í san 225 náírà lórí yúníìtì kan, látorí bíi 68, wọ́n wá yọ díẹ̀ kúrò lóṣù tó tẹ̀lé e, ó di 206.80. January 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, gbà wọ́n láyè láti fi tó ìdajì lé owó ìpè àti dátà.

Ìdí tí ìjọba fi ní àwọn ṣe é ni pé owó ìrànwọ́ epo ń jẹ ìjọba run, pé gbèsè ni wọ́n fi ń san án, pé bí wọ́n ṣe de náírà mọ́lẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn kan máa ra dọ́là lówó pọ́ọ́kú ní CBN kí wọ́n tún un tà níta. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC ní tiwọn ní kò sí ohun tí wọ́n tò sílẹ̀ fún aráàlú kí wọ́n tó fa igi yọ lábẹ́ ilé. Nínú àríyànjiyàn yìí, kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé àwọn ìpinnu yẹn ló gbé owó ọjà gòkè, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bóyá ọ̀nà míì wà.

Kí ló kan Èkó nínú ọbẹ̀ wa?

Ó kàn án gan-an. Ìrẹsì òkèèrè, àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe fláwà búrẹ́dì, ẹja inú yìnyín, oògùn, páátì ọkọ̀, Apapa ló ti ń wọlé, tàbí Tin Can, tàbí èbúté tuntun tó wà ní Lẹ́kíì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ilé ìfọpo Dangote tó ń ṣe epo bẹntiróòlù láti September 2024, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kíì lòun náà wà. Torí náà tí dọ́là bá sún, tàbí tí owó èbúté bá lé, Èkó ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, kó tó gun tírélà.

Láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 127, láti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ wa tún tó ọgọ́rùn-ún. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, Mọ́níyà n'Íbàdàn ló dúró sí. Rélùwéè àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ṣe, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó fi wá sílẹ̀ (àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gbàgbé ìyẹn). Ohun gbogbo tá à ń jẹ tó ti Èkó wá, ojú títì ló ń gbà, orí dísẹ̀lì, tírélà dẹ̀ ni. Ẹ dẹ̀ mọ̀ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí. Wọ́n ti ṣe títì alápá méjì láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, wọ́n ti ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, àárín méjèèjì tí ò ju bíi kìlómítà 52 lọ ló ti di ọdún gbọọrọ tí wọ́n ò parí ẹ̀, ọ̀nà tóóró àtijọ́ yẹn náà ni tírélà, takisí àti ọ̀kadà jọ ń pín. Tí tírélà kan bá ṣubú níbẹ̀ tí àwọn tó kù sùn sójú ọ̀nà, owó oorun yẹn wà nínú ìrẹsì tí ẹ máa rà.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò ni apá kejì. Tòmátò, àlùbọ́sà, tàtàṣé, ẹ̀wà láti òkè Ọya, iwájú ilé wa ni wọ́n ń gbà kọjá lọ sí Mile 12, ọjà oúnjẹ ńlá tó wà l'Ékòó. Èèyàn á rò pé àwa tá a sún mọ́ oko ló yẹ ká rà á pọ́ọ́kú ju ará Èkó lọ. Àmọ́ fóònù wà lọ́wọ́ alájàpá. Kó tó dá iye lé agbọ̀n tòmátò kan, á ti pe Mile 12, tí Mile 12 bá ń gba owó tó jọjú, kí ló fẹ́ dúró ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, àfi tá a bá lè san ohun tó sún mọ́ tiwọn. Nígbà tí kòkòrò jẹ tòmátò run lóko àwọn ará Kàdúná ní 2024, Èkó pariwo, àwa náà pariwo. Èkó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu tó ń jẹun níbẹ̀ fi ń dá iye lé oúnjẹ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí n tó gbàgbé, màmá yẹn àti ọmọ wọn, òṣùwọ̀n kan náà kọ́ ni wọ́n ń lò. Dẹ́ríkà tàbí ráábà pẹ́ńtì ni wọ́n fi ń wọn nǹkan l'ọ́pọ̀ ọjà Èkó, kóńgò ni tiwa. Ẹni tó bá fi iye dẹ́ríkà wé iye kóńgò lórí fóònù, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Dọ́là ọ̀hún náà, gbogbo wa kọ́ ló ń ni lára bákan náà. Òkèèrè ni kajú wa ń lọ, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á níbẹ̀. Nígbà tí náírà ń já, ẹni tó ní oko kajú gba náírà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí kìlò kan náà. Òun náà ló máa kó owó yẹn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti Èkó wá ṣá.

Oúnjẹ rọlẹ̀, kí ló dé tí àwọn àgbẹ̀ ń ké?

Ní July 2024, nígbà tí ebi ń pa ìlú, mínísítà ètò ọ̀gbìn, Abubakar Kyari, kéde pé fún àádọ́jọ ọjọ́ wọn ò ní gba owó orí ibodè lórí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà tó bá ń wọlé láti òkèèrè. Ètò yẹn fà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìkéde ẹ̀ nìkan ti tó kí àwọn tó kó oúnjẹ pamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú àká. Nígbà tó fi máa di 2025, iye àgbàdo àti ìrẹsì ti wálẹ̀ l'ọ́pọ̀ ọjà, náírà náà dúró sójú kan díẹ̀.

Inú ẹni tó ń rà dùn. Ẹni tó gbìn ín ńkọ́? Ó ti ra ajílẹ̀ lówó gọbọi, ó ti san owó lébìrà, ó ti san owó katakata tó ń mu dísẹ̀lì, gbogbo ìyẹn ní iye 2024, ó wá kórè sí iye 2025. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń sọ pé àwọn jẹ gbèsè, pé tó bá ń lọ báyìí ọ̀pọ̀ nínú àwọn máa dín oko kù, pé ọdún tí oko bá dínkù ni owó máa tún gòkè. Ìjọba ní aráàlú ní láti jẹun ná. Àárín olùrà Èkó àti àgbẹ̀ tó wà ní Sùúrùlérè tiwa níbí (ìjọba ìbílẹ̀ wa yẹn ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti Èkó), kò sí iye àgbàdo kan tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, ibi tí ọ̀rọ̀ le sí nìyẹn.

Owó oṣù ńkọ́, ṣé ṣòkòtò ti bá ọmọ mu?

Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù, 30,000 ni láti 2019, wọ́n sọ ọ́ di 70,000 ní July 2024. Gómìnà Mákindé fọwọ́ sí 80,000 fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Èkó fọwọ́ sí 85,000. Lójú, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Àmọ́ ní 2019, dọ́là kan ò ju bíi 360 lọ, 30,000 yẹn ń lọ bíi dọ́là 83. Ní ìparí 2025 tí dọ́là wà ní nǹkan bíi 1,450, 70,000 ò pé dọ́là 49. Wọ́n ti ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n á máa tún un wò báyìí, kì í ṣe márùn-ún mọ́, ìyẹn máa jẹ́ 2027.

Òfin yẹn dẹ̀ yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ọmọge tó ń dúró ti ṣọ́ọ̀bù ní Tákíè, tíṣà ilé ìwé aládàáni kékeré, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, kò kàn wọ́n. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn wọ̀nyẹn ló pọ̀ jù.

Nǹkan míì tó ń jẹ owó lábẹ́lẹ̀ ni èlé. Láti fi fa owó kúrò níta kí ọ̀wọ́n-gógó lè rọlẹ̀, CBN gbé èlé tiwọn gòkè léraléra, 18.75 ni ní July 2023, ó di 27.50 nígbà tó fi máa di November 2024. September 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ díẹ̀, ó di 27, ìgbà àkọ́kọ́ láti 2020 tí wọ́n máa dín in kù nìyẹn. Orí iye yẹn ni bánkì máa fi tiẹ̀ lé kó tó yá èèyàn. Ìyá ọlọ́jà kì í tiẹ̀ dé bánkì, owó gbọ́mú-lé-lántà ni tiwọn, tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èlé yẹn dẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ àti màgí fún wa. Àwọn onílé iṣẹ́ ń pariwo pé èlé yìí ló ń pa àwọn, CBN ń sọ pé tí àwọn bá tètè dín in kù, owó ọjà máa tún sáré.

Kí ni ọmọ wa tó wà l'Ékòó tiẹ̀ ń náwó lé lórí?

Mo fi èyí sẹ́yìn torí òun ni àwọn òbí ń béèrè jù, pé ọmọ ń gba owó oṣù tó ju ti bàbá ẹ̀ lọ, kó tó di ogúnjọ́ oṣù ó ti ń pe ilé.

Réǹtì ni àkọ́kọ́. Òfin Èkó ti 2011 ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san lọ́dọọdún, àmọ́ òfin yẹn yọ Ìkòyí, Victoria Island, GRA Ìkẹjà àti Apapa sílẹ̀, níbi tó dẹ̀ kàn náà, ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè ọdún méjì, ayálégbé tó nílò ilé kì í lọ ilé ẹjọ́. Lórí réǹtì yẹn ni owó ejẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n tí onílé ń gbà sílẹ̀ torí nǹkan tó bá bàjẹ́ tún máa gùn lé. Lọ́dún 2025 àbá òfin tuntun kan wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, ó fẹ́ kí owó ejẹ́ǹtì má ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn onílé ń sọ pé símẹ́ǹtì àti irin ti wọ́n, pé àwọn náà ò lè gba réǹtì ọdún 2020.

Lẹ́yìn réǹtì, mọ́tò. Ibi tí réǹtì ti rọjú, ó jìnnà síbi iṣẹ́, ibi tó sún mọ́ iṣẹ́, réǹtì ẹ̀ ò ṣeé dé. Ọmọ tó ń gbé ní Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Máríìnà, réǹtì tó fi pamọ́, ojoojúmọ́ ló ń san án fún dánfó. Rélùwéè Blue Line tó ń lọ láti Mile 2 sí Máríìnà láti September 2023, àti Red Line tó ń ti Agbádò bọ̀ wá sí Oyíngbò láti October 2024, mú un rọrùn fún àwọn tó bá wà lójú ọ̀nà ẹ̀. Ìkòròdú ò sí lójú ọ̀nà ẹ̀. Lẹ́yìn mọ́tò, iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀, omi rírà, dátà, oúnjẹ ọ̀sán níta torí kò sẹ́ni tó máa tinú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lọ jẹun nílé. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, àwọn nǹkan tí ò wálẹ̀ nínú òǹkà ló pọ̀ jù nínú ìnáwó ẹ̀, oúnjẹ tó wálẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi nínú tiẹ̀ bó ṣe tóbi nínú ti màmá ẹ̀ nílé.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní June 2025, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026, kan ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá ju 800,000 lọ ò ní san owó orí lórí ẹ̀. Ẹni tó ń san réǹtì lè yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún réǹtì ẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 lọ. Réǹtì 1,200,000 lọ́dún, 240,000 ni wọ́n máa yọ. Kì í ṣe pé ìjọba máa san 240,000 fún un o, mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, owó orí tó wà lórí 240,000 yẹn nìkan ló máa bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì, ọ̀pọ̀ onílé ò dẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ rìsíìtì.

Ní báyìí ná, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń di èlùbọ́, gààrí àti epo pupa sínú àpò, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ dírẹ́bà ní gáréèjì. Màmá tó bá ẹlẹ́wà fà á lọ́jọ́ yẹn, Ìkòròdú ni kóńgò méjì tí wọ́n rà ń lọ, wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń sanwó, wọ́n ní owó wébíìlì nìkan ti fẹ́ẹ̀ tó owó ẹ̀wà.